Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Ọkọ̀ Abdulganiyy

Abdulganiyy kò tíì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n Àlàájì là ń pè é ní àdúgbò wa ní Egan, òun náà kì í sì í bá wa jiyàn. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe. Láti Igando títí dé Akesan, ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọ́ kò lóǹkà, tèmi wà nínú wọn, n ò sì tíì rí ibi tó ti là. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra ọkùnrin náà nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ni Súmbọ̀, opó, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Òkè-Odò bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, mo sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láì rí ẹyọ ẹnì kan tó ń fi í. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájì ti wá sí Èkó, òun àti mọ́ọ̀dù onírin kan ṣoṣo tó gbé lérí. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó kó yanrìn, ẹ ó lù ú, ẹ ó gbé e, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó ra ẹ̀rọ. Iṣẹ́ wá ń gbòòrò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó rà sílé tí kì í ṣe èyí tó kéré jù nínú irú rẹ̀. Fóònù tí kò ní kámẹ́rà. Fáànù tí kì í yíjú, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀ nìkan ló ń gbádùn. Tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn gbọ́dọ̀ dìde lọ tẹ̀. Ní gbogbo ìgbà, ọlọ́jà á sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ mú èyí, ẹ máa mánéèjì ẹ̀," òun náà á sì mú un. Ìyàwó rẹ̀, Zulaihat, sọ fún mi pé ọkọ òun sọ lọ́jọ́ kan pé kí òun tó kú, òun máa ra ohun kan tí kò ní nǹkan mìíràn lókè rẹ̀. Zulaihat rò pé òrùlé ló ń sọ.

Ohun tí Àlàájì ń fẹ́ yìí ní orúkọ lọ́dọ̀ wa. Fúúlù ọ́pṣọ̀n là ń pè é. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ọkọ̀ kan, ìpele ìpele ni wọ́n ń ṣe é. Èyí tó wà nísàlẹ̀ wà, tí wọ́n fi aṣọ lásán bo àga rẹ̀. Èyí tó wà láàárín wà. Èyí tó wà lókè pátápátá, tí kò sí nǹkan tí wọn ò kó sínú rẹ̀, òun ni fúúlù ọ́pṣọ̀n. Ní àdúgbò wa, ẹ lè sọ fún èèyàn pé ọmọ rẹ̀ ò mọ̀wé, kó sì dárí jì yín, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe fúúlù ọ́pṣọ̀n.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yìí yọ wá lẹ́nu jù ni Díkínì Simeon, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Àlàájì. Píkọ́ọ̀pù gbàǹgbà kan ló ní, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá ti wọ àdúgbò, kẹ̀kẹ́ á wá igun sá sí. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ gùn, ahọ́n wa ò gbé e, nítorí náà Imú Pẹlẹbẹ là ń pè é. Ìpele mẹ́ta ló ní: Wọ́kà nísàlẹ̀, Ránṣà láàárín, Prẹmíà lókè. Prẹmíà ni ti Díkínì. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ náà láti ilé-iṣẹ́, Díkínì tún lọ lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí àwọn tí kì í tẹ̀ lé e lẹ́yìn má baà pàdánù.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Imú rẹ̀ ga sókè bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a sì sọ ọ́ ní Imú Ńlá. Ṣùgbọ́n imú kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀, ìpele ni. Wọ́n yọ Wọ́kà dànù. Wọ́n gbé Ránṣà sísàlẹ̀, àmọ́ wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ̀ bí ìgbátẹ síwájú rẹ̀ láti fi tù ú nínú. Wọ́n gbé Prẹmíà sí àárín. Wọ́n wá mú ìpele tuntun kan, wọ́n fi lé gbogbo wọn lórí. Bí Díkínì Simeon ṣe di ará àárín nìyẹn, ọkọ̀ rẹ̀ ò sì kúrò nínú ọgbà.

Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, níbi tó yẹ ká ti máa sọ̀rọ̀ gọ́tà, di ibi tí wọ́n ti ń jà lórí ìpele ọkọ̀.

"Ẹ gbọ́ o," Díkínì á ní, "plọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì tèmi. Nínú tuntun yìí, mẹ́fà. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì méjì kúrò lára ẹ̀, kí ló wá fúúlù níbẹ̀?"

"Díkínì, ẹ má bínú," Àlàájì á dá a lóhùn, "èmi ò mọ plọ́ọ̀gì. Ohun tí kò sí nǹkan lókè ẹ̀ ni fúúlù. Tí nǹkan bá ti lè wà lókè ẹ̀ ṣá, ó ti di mánéèjì nìyẹn."

"Prẹmíà tuntun náà ní àga tó ń gbóná fúnra ẹ̀! Ẹ ò gbọ́?"

Ibẹ̀ ni n kì í ti í lè pa ẹnu mọ́. "Díkínì," mo ní, "àga tó ń gbóná, ní Egan, nínú oṣù kẹta. Ìdí ta ló ń tutù níbí?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò ní kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sì kí mi lóòótọ́.

A ò mọ̀ pé Àlàájì ti ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó ta ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àtijọ́, ó ta ilẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì rán ẹnì kan tó máa ń bá èèyàn ra tòkunbọ̀ pé kó wá Imú Ńlá kan fún òun, èyí tó ti forí gbá nǹkan díẹ̀, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó ní kó má ṣe Ránṣà, kó má ṣe Prẹmíà, ti òkè pátápátá lòun ń fẹ́. Ọkùnrin náà fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ya iwájú, ó ya inú, ó ya àga, ó ya táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ya ẹ̀yìn.

Àkókò yẹn gan-an ni alága ẹgbẹ́ onílé wa kó lọ sí Ìbàdàn, ipò rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn méjì ló jáde láti dù ú, Díkínì Simeon àti Àlàájì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkàn Àlàájì wà níbẹ̀ gidigidi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olórí ilé. Ní mọ́ṣáláṣí, igbákejì akọ̀wé ni. Kò tíì ṣe olórí ohunkóhun rí láyé rẹ̀. Òun ló fi búlọ́ọ̀kù ara rẹ̀ ṣe afárá kékeré tí gbogbo wa ń gbà kọjá nígbà òjò, kò gba kọ́bọ̀, gbogbo àdúgbò ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Ká ní wọ́n dìbò lọ́sẹ̀ tó ra ọkọ̀ yẹn ni, ì bá ti wọlé. Èmi náà fẹ́ kó wọlé, nítorí pé ó ti ṣèlérí láti bo gọ́tà iwájú ilé mi.

Ọ̀sán Sátidé ni ọkọ̀ dé. Ó dúdú, ó ń dán, gbogbo àdúgbò ló jáde. Nítorí pé ọgbà Àlàájì há, awakọ̀ ní láti fi ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀yìn ló sì kọ sí gbogbo wa tí a kóra jọ sẹ́nu géètì. Lára irin ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà gan-an ni wọ́n ti tẹ orúkọ ìpele tuntun yẹn síta, lẹ́tà mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó búlọ́ọ̀kù: OLE.

Àlàájì ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí a kí òun. Díkínì Simeon ló kọ́kọ́ la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó gba ìròyìn ayọ̀.

"Àlàájì, ẹ kú oríire o. Ṣé ọkọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹni tó ni ín?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ojú Àlàájì ti yí padà, ṣùgbọ́n n ò lè dá a dúró. Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi, Tolúwalọpẹ́, tó wà ní Kánádà. Ó ní ariwo ayọ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní lọ́kàn, irú èyí tí àwọn kan máa ń pa nílùú òkèèrè tí ẹni tó ń jó bá gbé ẹsẹ̀ dáadáa. Mo ní níbí náà, tí wọ́n bá ti pariwo ẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn kì í gbélẹ̀.

Ẹ wá wo wàhálà tó wà níwájú Àlàájì. Ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, alága wo ló ń gbé olè kiri lẹ́yìn ọkọ̀? Tó bá sì yọ ọ́ kúrò, ta ló máa mọ̀ pé fúúlù ọ́pṣọ̀n ni? Láti ìta, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti Prẹmíà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn. Díkínì sì ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé tí kò bá ti sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, Ránṣà ni òun máa ka ọkọ̀ náà sí.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tó dá ni pé ó ń wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí, kí ọ̀rọ̀ náà lè máa wo ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ṣọ́bìrì méjì, bàárò kan àti odindi àpò sìmẹ́ǹtì ti já bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn náà padà, ó fi aṣọ ìnura bò ó. Atẹ́gùn gbé aṣọ ìnura lọ ní Akesan.

Ìgbà tó wá kan ti Ìkòtún, ẹ̀rín kúrò níbẹ̀. Òun àti Zulaihat dúró ra iṣu lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wọn ka ohun tó rí sókè, bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ṣe máa ń ka pátákó: "Olè!" Ohùn ìyá náà sì tóbi. Kí Àlàájì tó mú iṣu tán, ọkùnrin mẹ́rin ti yọ, ọ̀kan ti mú pákó lọ́wọ́. "Dà á? Níbo ló gbà?"

Zulaihat ló gbà á sílẹ̀. Ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dákun, orúkọ ọkọ̀ ni! Òyìnbó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

"Ìyá, òyìnbó wo ló ń sọ ọkọ̀ ẹ̀ ní olè?"

"Àwọn tó ṣe é ni!"

Ọkùnrin onípákó rò ó díẹ̀. "Ó ṣeé ṣe ṣá," ó ní, "wọ́n mọ ara wọn," ó sì sọ pákó nù. Zulaihat fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi nígbà tí wọ́n délé.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbéra lọ sọ́dọ̀ Ìdíátù ní Dopemu. Mo bá wọn lọ. Mo sọ pé mo fẹ́ ra kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, irọ́ ni, n ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi ni. Lẹ́tà ọkọ̀ ni Ìdíátù ń tà, àwọn lẹ́tà dídán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tó bá ra ti ìsàlẹ̀, tó fẹ́ kó máa jẹ́ ti òkè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ránṣà fi ń di Prẹmíà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹ bá sì ní sùúrù, á tún kí yín kú oríire.

Ó yí ọkọ̀ náà po. Ó gbọn orí. "Àlàájì, láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tó gbé fúúlù wá pé kí n din ín kù."

"Mi ò ní kí ẹ din ín kù o," Àlàájì dáhùn kíá. "Ẹ jẹ́ kó wà lókè bó ṣe wà. Kó má jẹ́ olè ṣá."

Ìdíátù wọlé, ó kó lẹ́tà méjì jáde, ó gbé wọn síwájú ọ̀rọ̀ náà kí a lè wò ó. NO OLE. "Ẹ wò ó bó ṣe mọ́," ó ní.

"Ta ló bi wá?" Zulaihat béèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ síwájú. Inú mi dùn gan-an. "Ẹ dúró," mo ní. "Lẹ́tà yìí ò jẹ̀bi nǹkan kan. Àmì ni kò sí lórí ẹ̀. Ẹ fi àmì òkè sórí O. Ẹ fi àmì òkè sórí E. Kí ló dà?"

Wọ́n ń wò mí.

"Ó lé!" mo kígbe. "Ó lé! Ó ju gbogbo wọn lọ! Kò sí nǹkan lókè ẹ̀!"

Àlàájì tún un sọ lábẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ là. "Tíṣà, ṣé ohun tí ẹ fi gbogbo ọdún yẹn kọ́ àwọn ọmọ nìyí?"

"Òun ni, Àlàájì."

"Ó dáa o. Èmi máa ń rò pé ẹ kàn ń dà wọ́n láàmú ni."

Mo dárí jì í nítorí ọjọ́ náà. Ìdíátù gé irin dídán méjì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kan sórí O, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì tán, nítorí náà ó fi skúrù kan ṣoṣo de èkejì sórí E. Ẹnu mi ò gba ìròyìn nígbà tí a padà dé àdúgbò. Mo dúró sídìí ọkọ̀ náà, mo ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, mo mú kí àwọn àgbàlagbà máa pè é tẹ̀ lé mi. Díkínì Simeon yọjú láti ojú fèrèsé. "Mummy Tíṣà, àwọn ìlà kéékèèké yẹn, ṣé ẹyẹ ló yàgbẹ́ síbẹ̀ ni?" Àwọn tó ń kà á tọ̀nà ti ń pọ̀ sí i, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ló ń bà á nínú jẹ́.

Ayọ̀ mi ò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní Tọ́sìdeè tí ìbò ku ọ̀túnla, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ ní Igando nígbà tí mo rí ọkọ̀ Àlàájì níwájú wa. Ó ń bọ́ sínú kòtò, ó ń jáde, ó ń bọ́ sínú òmíràn. Àmì orí O ti já dànù. Àmì orí E ṣì wà, ṣùgbọ́n skúrù kan ṣoṣo ni, ó ti yí, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí òdìkejì. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò àìmọye, n ò rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ pé pérépéré bẹ́ẹ̀ rí. OLÈ. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè jiyàn pé ó lé ni, pé ọ̀lẹ ni, pé ọlẹ̀ inú aboyún ni. Kòtò Igando ti parí iyàn náà. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró, mo sáré bá ọkọ̀ náà níbi tó ti rọra ń rìn, mo sì fi ọwọ́ ara mi fa àmì náà yọ. Àgbà obìnrin, ní ọ̀sán gangan, tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tí wọ́n kọ olè sí. Ẹ ò ní fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ.

Sátidé pé. Iwájú ọgbà Àlàájì ni wọ́n ti pe ìpàdé, nítorí pé ibẹ̀ ní ibòji. Ìtò la fẹ́ fi dìbò: ẹni tó bá fẹ́ Díkínì á tò sẹ́yìn Díkínì, ẹni tó bá fẹ́ Àlàájì á tò sẹ́yìn Àlàájì. Hamdalah, akọ̀wé wa, ti mú bírò. Mo fojú kà wá, mo rí i pé Àlàájì á wọlé. Díkínì náà rí i, ló bá na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ará mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí Àlàájì gbé ọkọ̀ yẹn pamọ́ sínú ọgbà fún ọdún méjì tó máa fi ṣe alága, kó má gbé e jáde, kí wọ́n má baà fi orúkọ àdúgbò wa ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá gbà, mo yọ orúkọ mi báyìí. Tí ìpàdé bá wà níbikíbi, èmi fúnra mi á máa fi Prẹmíà gbé e lọ."

Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, gbogbo wa ló sì yé. Kò fẹ́ ṣe alága. Ó fẹ́ kí ohun tó wà lókè Prẹmíà kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn létí. "Àlàájì, ẹ gbà!" "Ọdún méjì ò pẹ́ jàre!" Èmi gan-an pariwo, gọ́tà mi wà lọ́kàn mi. Ipò tí ọkùnrin yìí ń wá láti ọjọ́ tó ti dáyé, ó ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, láìsí ìbò, láìsí alátakò.

Àlàájì dìde lórí àga oníke tó jókòó sí. Mo wá kíyè sí i bó ṣe dìde. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó dúró ní bíbẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wá na ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Mi ò lè gbà á."

Ariwo sọ. Ó dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹ rò pé fáàrí ni. Irọ́ kọ́, fáàrí wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi yìí, ẹ má jẹ́ n parọ́, ó ti bàjẹ́. Búlọ́ọ̀kù ló bà á jẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mi ò ti lè wa ọkọ̀ láti ilé dé ibi iṣẹ́ kí omi má bọ́ lójú mi. Mi ò sọ fún yín, torí ta ló ń fi aláìsàn ṣe alága? Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ yìí ṣe, wọ́n fi àga kan sí i tó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn èèyàn bó ṣe ń wakọ̀. Wọn ò fi sí Ránṣà. Wọn ò fi sí Prẹmíà, ti ìyẹn kàn ń gbóná ni. Ti òkè yìí nìkan ni wọ́n fi sí. Wọn ì bá kọ ohun tó burú ju olè lọ sí i, n bá rà á bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Díkínì. "Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni mo máa mú, mo yọ orúkọ mi. Ẹ gbé àga yín, Díkínì. Èmi ti ní àga."

N ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ogún ọdún ni mo ti ń rí ọkùnrin yìí láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ti fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti fi kọ́ gbogbo àdúgbò ní àmì ohùn, n kò sì kíyè sí bó ṣe ń dìde lórí àga rí. Ojú ara mi tì mí. Zulaihat ti rọra lọ dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ ra á ní ìbàdí bí ẹni tó ti mọ ibi tó ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́.

Hamdalah ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní níwọ̀n bí ẹnì kan ti yọ orúkọ kúrò, Díkínì Simeon di alága láìsí alátakò. Àtẹ́wọ́ díẹ̀ dún. Díkínì dìde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ó ti gba ohun tí kò wá, ohun tó wá sì ṣì wà nínú ọgbà, ó ń dán.

"Irọ́ ni," ó ní. "Àga kì í fọwọ́ ra èèyàn."

"Ẹ wọlé, ẹ wò ó," Àlàájì dá a lóhùn, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Díkínì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ tí ọkọ̀ náà ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, oòrùn ti yí débi tí a wà, ibòji ti tán. Hamdalah kan gíláàsì. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kí ẹ wá sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, àwọn èèyàn ń dúró."

Gíláàsì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Alága wa tuntun ti ju orí sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà ní dídì, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo dúpẹ́," ó ní. "Àlàájì, níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kó lè kan èjìká?"

Àlàájì, tó dúró sínú oòrùn pẹ̀lú ọwọ́ kan ní ìbàdí, na ọwọ́ kejì wọlé, ó fi hàn án.